Ọjọ́ Ìbí Àwa Tí A Kò Mọ Ọjọ́ Ìbí Wa

Ṣọ́ọ̀bù wa, Ochanja,
Onitsha.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Abíọ́nà, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tí ẹ jọ ń gbé. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì àti tíì náà ni o ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Ara tèmi le. Orúnkún mi nìkan ni a jọ ń jà nígbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Àǹkárá ń tà díẹ̀díẹ̀.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà lo rí. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi, ọmọ Abẹ́òkúta tí báńkì gbé wá sí Onitsha, ló ní kí gbogbo àwa àgbà tí à ń kọ́ ìwé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ̀wé sí ẹni tó jìnnà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya fọ́tò lẹ́tà wa tí ó ń fi í ránṣẹ́ lórí Wasaapù. Nítorí náà, má pè mí láti dá mi lóhùn. Kọ ọ́, kí n lè fi ojú ara mi kà á.

Ó tún fòfin de òwe! Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá ti pa òwe báyìí, ẹ máa ń rò pé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń sọ." Èmi, ìyá àgbà rẹ! Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi.

Oṣù Kejìlá ni a ó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo ti ra férémù tí n ó fi ìwé ẹ̀rí mi sí. Mo gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá àgbà rẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bi mí pé, "Mama Yoruba, who dey inside dis one?" Mo ní, "Na me. I never reach."

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Ìkànnì tí o ṣe fún kíláàsì wa nígbà tí o wà ní yunifásítì, ilé-iṣẹ́ tó gbà á sílé fẹ́ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ sínú dátábéèsì mìíràn. Tíṣà ní bí oṣù yìí bá parí, ti àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Orí ìkànnì yẹn ni ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìdánwò ti ń mú orúkọ wa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Tíṣà béèrè bóyá o lè bá wa tún un ṣe. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ti fi ọ́ yangàn tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bi ọ́.

Ṣùgbọ́n ṣàlàyé fún mi. Kí ló ṣòro nínú kíkó ẹrù láti yàrá kan sí èkejì?

Èmi ni ìyá àgbà rẹ,
Oyin.


Winnipeg,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Nígbà tí mo ṣí fọ́tò yẹn tí mo rí ọwọ́ yín, mo kọ́kọ́ pariwo, mo sì fi han gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń jẹun. Ìrẹsì ni mo ń jẹ báyìí, búrẹ́dì ti dínkù.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń mú mi lọ sí ọjà Ose Okwodu? Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ata gbígbẹ, Igbo lẹ máa ń bá a sọ. Bí a bá kọjá sọ́dọ̀ bàbá Hausa tó ń ta àlùbọ́sà, ẹ ó yí i sí pidgin. Ohun tí ẹ fẹ́ rà kò yí padà, bí ẹ ṣe ń béèrè rẹ̀ ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátábéèsì. Gbogbo wọn ló ń tọ́jú orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan kọ́ ni èkejì gbọ́. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún ìkànnì nígbà yẹn, ti àtijọ́ nìkan ló lè bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ilé-ìwé ṣì ni mí nígbà náà, n kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, mo ń kọ ògbufọ̀ kan sáàárín. Kóòdù yóò máa sọ ohun tó fẹ́ fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ yóò sì bá dátábéèsì sọ ọ́ ní èdè tí ó gbọ́. Bí wọ́n bá tún kó wa lọ síbòmíràn lọ́jọ́ iwájú, èdè tuntun nìkan la ó kọ́ ògbufọ̀.

Kí oṣù tó parí, yóò ti dára. Ẹ máa nu férémù yín.

Ọmọ yín,
Abíọ́nà.


Ochanja, Onitsha.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Abíọ́nà mi,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá. Ìkànnì ti jí. Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíṣà ń yìn ọ́, èmi náà sì ń gba ìyìn náà bíi pé èmi ni mo kọ kóòdù.

Ṣùgbọ́n orúkọ wa dà?

Tíṣà tẹ ojú ìwé orúkọ kíláàsì, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa wò ó. Orúkọ Zàhrát, ọmọ aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì, wà níbẹ̀. Orúkọ gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Àwa arúgbó, kò sí ẹnì kan. A wò ó lókè, a wò ó nísàlẹ̀. Kò sí èmi, kò sí Ìyá Ọpẹ́olúwa tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Okpoko, ẹni tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

Ìyá Ọpẹ́olúwa káwọ́ lérí. Ó ní, "Wọ́n ti pa wá."

Tíṣà ní, "Ẹnikẹ́ni ò pa yín, Màmá."

Ó ní, "Ìwọ má bá mi sọ̀rọ̀. Òkú ni mí."

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́. Ìparí Oṣù Kọkànlá ni ọ́fíìsì yóò kó orúkọ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ta aṣọ, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ ìwé báńkì. Férémù wà lára ògiri, gbogbo Ochanja ló sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, wá mi jáde.

Ìyá àgbà rẹ,
Oyin.


Winnipeg,
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màmá mi, ẹ má bínú pé èyí kúrú, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo ti rí i. Àwọn ìlà tí kò dára ni dátábéèsì tuntun kọ̀. Mo ti kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá ráyè, n ó fọ̀ wọ́n mọ́, n ó sì dá wọn padà. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Abíọ́nà.


Ochanja.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Abíọ́nà,

N kò kí ọ lónìí.

O mọ̀ pé a máa ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa sókè ní kíláàsì. Èmi ni ó kàn. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe, mo sì fi ohùn gooro kà á pé a jẹ́ ìlà tí kò dára, pé o ti kó wa sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé bí o bá ráyè ìwọ yóò fọ̀ wá. Ó kù díẹ̀ kí n kà á tán kí ohun tí mo ń kà tó yé mi.

Ìyá Ọpẹ́olúwa ní kí n bá òun bi ọ́ pé irú ọṣẹ wo ni.

Èmi tí mo tọ́ ìyá rẹ dàgbà, tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n ọ́ wọ Onitsha. N kò ní kọ̀wé mọ́ títí n ó fi rí orúkọ mi.

Oyin.


Winnipeg,
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Màmá mi àgbà, Màmá mi dáadáa,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, èmi obìnrin, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó. Mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá, ẹ kò dáhùn. Mo pe Tíṣà lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ẹ ò sí ní kíláàsì, mo sì ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Sọ fún un pé n kò wá."

Ẹ jọ̀ọ́. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí nǹkan bá ti kọ̀ láti wọlé, "ìlà tí kò dára" la máa ń pè é. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu. A máa ń gbàgbé pé èèyàn ló wà lórí ìlà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Tíṣà ń fi orúkọ yín sórí ìkànnì, ó dé ibi ọjọ́ ìbí. Àwọn ọ̀dọ́ mọ tiwọn. Ẹ̀yin àgbà ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ìkànnì sì kọ̀ kí ó fo ibẹ̀, ni ó bá tẹ òdo sí ọjọ́, òdo sí oṣù, òdo sí ọdún. Dátábéèsì àtijọ́ gbà á, kò bi í léèrè. Ti tuntun le koko. Ó ní kò sí oṣù tó ń jẹ́ òdo nínú kàlẹ́ńdà, nítorí náà kò ní gba ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ò mọ̀ ló fi ti gbogbo yín síta. Ògbufọ̀ mi rí i, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí pé n kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

Mo ti wá ọ̀nà sí i. Mo fi ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1900 sí iwájú orúkọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ọjọ́ ìbí yín, kí ó kàn lè gbà yín wọlé. Ó ti gbà yín. Ẹ ní kí Tíṣà wò ó.

Ẹ sọ fún Ìyá Ọpẹ́olúwa pé kò sí ọṣẹ.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Abíọ́nà.


Ochanja, Onitsha.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Abíọ́nà, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, ti òní àti ti ọjọ́ tí n kò kí ọ. Mo rí orúkọ mi. Mo fi ìka tọ́ ọ lójú fóònù Tíṣà, ojú ìwé náà sì sáré lọ sókè, mo tún kígbe pé ó ti sọnù. Zàhrát ló bá mi fà á padà.

Ìyá Ọpẹ́olúwa ti jí dìde, ó sì ti ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu kíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú mi ti yọ́. Máa gbàdúrà fún ìdánwò wa.

Ìyá àgbà rẹ.


Ochanja, Onitsha.
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kìíní, 2025.

Abíọ́nà mi,

A kú ọdún o, a kú ìyèdún. Àkísà á gbó, à... Tíṣà ń wò mí. Mo ti gbé e mì.

Ìdánwò dára. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí omi tó ń wọ ilé ní Okpoko, Ìyá Ọpẹ́olúwa sì kọ ọ́ débi pé wọ́n fún un ní ìwé kún ìwé. Omi náà ti wọlé tọ̀ ọ́ rí, kò níláti rò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, bí a ṣe jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ ń gbàdúrà, fóònù mi dún. Ti Ìyá Ọpẹ́olúwa dún. Ti Màmá ẹgbẹ́ akọrin, tí òun náà ń bá wa kọ́ ìwé, dún. Gbogbo ìlà tí àwa arúgbó jókòó sí ń dún bí agogo. Pásítọ̀ dúró. Mo ṣí tèmi, ìkànnì wa tó máa ń kí àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ ìbí wọn ló kọ̀wé, mo sì kà á fúnra mi: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí ọdún márùndínláàádóje. Kíláàsì yín ń bá yín yọ̀."

Ọdún márùndínláàádóje! Ìyá Ọpẹ́olúwa dìde sáàárín ìjọ, ó ní, "Mo dúpẹ́ o. N kò mọ̀ pé mo ti pẹ́ tó báyìí." Ó jó títí dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tí a jáde, aládùúgbò mi ní ọjà, Nne Akụabata, fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Nne, gimme dat your cream."

A rẹ́rìn-ín, Abíọ́nà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìwé dé sọ́wọ́ Tíṣà láti ọ́fíìsì ìdánwò. Àwọn náà rí ọdún 1900. Wọ́n ní kò sí bí ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ṣe lè wà láàyè ní Onitsha, tí yóò tún máa ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì tún bí gbogbo irú wọn ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n ní orúkọ àfinúdá ni wá. Wọ́n ti dá ìwé ẹ̀rí wa dúró, títí ẹnì kan yóò fi wá yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kó irọ́ yẹn sórí ìkànnì, wọ́n sì rò pé Tíṣà ni.

Ọmọ báńkì ni Tíṣà. Tí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ níbì kan, ó lè bàjẹ́ níbi iṣẹ́. Òun kò ráhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí Ìyá Ọpẹ́olúwa ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Kẹwàá, òkú ni wá. Nísinsìnyí, a ti di iwin. Báwo ni a ṣe fẹ́ di èèyàn?

Ìyá àgbà rẹ,
Oyin.


Winnipeg,
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kìíní, 2025.

Màmá mi àgbà,

Mo kí yín, mo kí Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní lẹ́tà tó wà lẹ́yìn èyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ sí ọ́fíìsì náà. Mo sọ níbẹ̀ pé èmi ni mo fi ọjọ́ yẹn sí i, mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Kò sí ọwọ́ Tíṣà níbẹ̀.

Màmá, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Mo ń sáré, irọ́ ló sì yá jù. Mo ti jókòó ti kóòdù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Dátábéèsì méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, ní ọ̀nà tí a fi ń sọ pé "a kò mọ̀". Kì í ṣe òdo. Ohun tó ń sọ ni pé ọjọ́ náà wà, àwa ni a kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìkànnì wa, n kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo ti kọ́ ògbufọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà báyìí, yóò sì máa sọ ọ́ bó ti tọ́ fún dátábéèsì yòówù tó bá bá pàdé. Mo ti yọ 1900 kúrò.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo kí wọ́n tún pè yín ní iwin. Mo fi àyè kan sí abẹ́ rẹ̀, pé kí olúkúlùkù kọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ìgbà tí wọ́n bí i. Ẹ má jẹ́ kí Tíṣà bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Mo sì fẹ́ bi yín. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín, Màmá? Ó yà mí lẹ́nu pé n kò bi yín rí.

Ọmọ yín,
Abíọ́nà.


Ochanja, Onitsha.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kejì, 2025.

Abíọ́nà, ọmọ ọmọ mi, orí ire,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Jókòó kí o tó kà á.

A lo gbogbo ọ̀sán Ìsinmi kan lórí àyè tí o fún wa. Ìyá Ọpẹ́olúwa kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n ṣí afárá Odò Ọya ní Onitsha níbí. Mo ti ní eyín méjì." Màmá ẹgbẹ́ akọrin kọ pé wọ́n bí òun ní ọdún tí iná jó ilé bàbá òun, òun nìkan ni nǹkan tuntun tó wọ ilé náà lọ́dún yẹn. Tèmi nìyí, nítorí o béèrè: "Wọ́n bí mi ní Ìkirè, ní ọdún tí eéṣú jẹ oko àgbàdo bàbá mi, ní ọjọ́ ọjà, kí òjò tó rọ̀." Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé níbi gbogbo tí mo dé, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè.

Má rò pé ìwọ yàtọ̀ sí wa. Ìbàdàn ni ìyá rẹ ti ń bọ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ wọn dúró pa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Àsábà, ìwọ kò sì lè dúró kí wọ́n sọdá. Èmi ni mo lọ pọ̀n ọ́ wá. Ìdí nìyẹn tí o fi ń jẹ́ Abíọ́nà. Bí ìwé ìbí rẹ bá sọnù, orúkọ rẹ ti sọ díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ni ọ́fíìsì rán wá, Ogonna ni orúkọ rẹ̀. Ó lejú wọlé. Tíṣà fún un ní lẹ́tà rẹ, ó kà á. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ orúkọ rẹ̀ níwájú òun. A kọ ọ́. Mo tún fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi kún tèmi, bóyá ó máa fẹ́ ra aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Tíṣà túmọ̀ ohun tí a kọ sórí ìkànnì fún òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ti afárá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "My own grandmama, na so she dey talk am. Dem carry am go look bridge." Ìyá Ọpẹ́olúwa ní, "Ask am whether na she cry pass. One pikin cry that day, my mama no forget." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà, ó ní kí ó má bínú.

Ìwé ẹ̀rí wa dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tèmi wà nínú férémù. Níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ìbí, wọ́n kọ ọ́ pé a kò mọ̀. Ojú kò tì mí rárá, òótọ́ ni. Oníbàárà kan wọlé lánàá, ó ní, "Mama Yoruba, who dey inside?" Mo ní, "Na me. I don reach."

Ó ku ohun kan. Tíṣà ní bí o ṣe yọ 1900 kúrò, ìkíni kò ní wá mọ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún, nítorí pé kóòdù kò rí ọjọ́ tí yóò kí wa. Inú mi dùn sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọpẹ́olúwa wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní, "Ta ló kú?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ọmọ rẹ kò lè fi ìkíni yẹn sílẹ̀ fún wa?"

Ó ní ní gbogbo ayé òun, òun ti ṣe àkàrà ọjọ́ ìbí fún ọmọ, òun ti ṣe é fún ọmọ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kí òun kú ọjọ́ ìbí rí, àfi àárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá rántí pé èmi náà kò tíì pa ìkíni yẹn rẹ́ kúrò nínú fóònù mi.

Òwe kan wà lẹ́nu mi báyìí tí ì bá parí lẹ́tà yìí dáadáa. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o yọ iye ọdún kúrò, kí o sì fi ìkíni sílẹ̀. Kọ́ ògbufọ̀ rẹ pé ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tirẹ̀, kí ó máa kí i ní ọjọ́ kìíní ọdún. Mo ti bá ọ kọ ohun tí yóò máa sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì tún un kọ kí ó tó mọ́. Fi í sí i bó ṣe rí, má fọ̀ ọ́:

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ọjọ́ tí wọ́n bí yín wà. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n inú wa dùn pé ó wà."

Èmi ni,
Oyin, ọmọ ọdún eéṣú.